Pèrègún Ààlà: Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ pèrègún ni.

Ẹ lè sọ pé: "Ọmọ yìí, kí lo fẹ́ kọ́ wa nípa pèrègún? A ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ." Òótọ́ ni. Ẹ mọ̀ ọ́n ní ojúbọ Ògún, ẹ mọ̀ ọ́n ní ààlà oko. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: pèrègún mélòó ló wà ní ààlà oko yín? Ta ló gbìn ín? Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bí bàbá tí ó mọ̀ ọ́n bá kú, ta ni yóò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ? Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pèrègún?

Pèrègún kì í tètè kú. Ewé rẹ̀ ń tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé e, ó tún ń rú. Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ èyí. Àwọn Chagga tí wọ́n ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro, ní ilẹ̀ Tanzania, pèrègún náà ni wọ́n fi ń pa ààlà. Bí ẹnì kan bá ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀, ewé rẹ̀ ni ó máa ń mú lọ tọrọ àforíjì.

Pèrègún ní ìbátan kan tí ewé rẹ̀ sábà máa ń pupa, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà. Cordyline ni orúkọ rẹ̀. Ní Papua New Guinea, òun ni wọ́n fi ń pa ààlà. Bí ẹ bá wa ìdí wọn wò, gbòǹgbò cordyline funfun, ti pèrègún pọ́n bí ọsàn. Bí a ṣe ń gbin ọ̀kan náà ni a ṣe ń gbin èkejì.

Bí a ṣe ń gbìn ín

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé.

2. Ẹ wá igi tí ó ti gbó, tí ó tó àtàǹpàkò ní sísanra. Ẹ fi àdá mímú gé e, kí ó gùn tó sẹ̀ntímítà 30. Ẹ sàmì sí òkè rẹ̀, kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò.

3. Ẹ gbé e sí ibòòji fún ọjọ́ kan, kí ojú ibi tí a gé lè gbẹ.

4. Ẹ mú garawa àtijọ́ tàbí ìkòkò. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Bí kò bá ní ihò, omi á dúró níbẹ̀, igi á sì jẹrà. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn. Ẹ jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà wọlẹ̀.

5. Ẹ gbé e sábẹ́ igi, kí oòrùn má pa á. Bí ojú ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi rin ín. Ẹ má máa fà á tu láti wò ó o! Ẹ ní sùúrù.

6. Bí ewé tuntun bá ti tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sí ààlà nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ fún iwájú ilé lè fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ààlà kan gùn ní ìṣísẹ̀ 100. A fẹ́ gbin pèrègún kan ní ìṣísẹ̀ márùn-ún márùn-ún. Mélòó ni a ó gbìn? Ọ̀pọ̀ á sọ pé 20. Rárá o, 21 ni, nítorí pé a ó gbin ọ̀kan sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbin 25 sínú garawa, nítorí gbogbo rẹ̀ lè má hù.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ máa ro ìdí rẹ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, ẹ gba koríko gbígbẹ kúrò, kí iná igbó má baà jó o. Bí ó bá ga jù, ẹ gé orí rẹ̀: á yọ ẹ̀ka, ẹ sì lè gbin orí tí ẹ gé. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú lára ewé, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún. Ẹ má jẹ́ kí ajá jẹ ewé náà. Kò dára fún un.

Pèrègún kò lè sọ̀rọ̀

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Pèrègún tí ẹnì kan ṣoṣo gbìn kì í parí ìjà. A lè fà á tu lóru, kí a gbìn ín sí iwájú. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò mọ ààlà oko, kí ni yóò sọ?

Nítorí náà, ẹ pe ẹni tí ẹ jọ pààlà kí ẹ jọ gbìn ín. Ẹ pe àgbà abúlé. Ẹ mú ìyàwó àti ọmọ yín dání, obìnrin àti ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, iye pèrègún, iye ìṣísẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí kálukú mú ọ̀kan. Ẹni tí kò tíì lè kọ orúkọ rẹ̀, kí ó tẹ̀ka sí i.

Ìwé yìí kì í ṣe ìwé ilẹ̀ ti ìjọba. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ní Benin, àti ti ọdún 2018 ní Togo, ni ó sọ bí a ṣe ń gba ìyẹn. Ẹ lọ béèrè ní ilé mẹ́rì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wọn ilẹ̀, ẹni tí ó ní pèrègún tútù, tí ó ní ìwé, tí òun àti aládùúgbò rẹ̀ sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò ní jìyà.

Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí a fi ń lu ihò sí ìdí garawa?
2. Bí ààlà bá gùn ní ìṣísẹ̀ 60, pèrègún mélòó ni a ó gbìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún márùn-ún?
3. Ta ló mọ ààlà oko yín, yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín? Ẹ kọ orúkọ wọn.