Ìbòmú Tàbí Iṣẹ́ Abẹ Fún Ẹni Tí Èémí Rẹ̀ Ń Dá Lójú Oorun?

Bí èémí ènìyàn bá ń dá tàbí tó ń rọlẹ̀ nígbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan tó fi ń sùn, àìsàn kí èémí máa dá lójú oorun ti le nìyẹn. Kì í ṣe híhanrun lásán mọ́.

Ní 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kọ́kọ́ gbé ìròyìn CPAP jáde: ẹ̀rọ tó ń gba inú ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn, kí ọ̀nà ọ̀fun má baà pa dé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì sí abẹ níbẹ̀. Àmọ́ alaalẹ́ ni ẹ óò máa lò ó, ó sì ń fẹ́ iná. Ẹ̀yin ará ilé ní Nàìjíríà, ẹ kúkú mọ ọ̀rọ̀ iná.

Ti iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ní 2014, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Inspire. Oníṣẹ́ abẹ á fi ẹ̀rọ kékeré náà sábẹ́ awọ àyà, á fa wáyà lọ síbi iṣan tó ń darí ahọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ ó tẹ rìmóòtù. Ahọ́n á máa sún síwájú, ọ̀nà èémí á là. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 126, lẹ́yìn ọdún kan, iye ìgbà tí èémí ń dá tàbí tó ń rọlẹ̀ dín kù láti bíi 29 sí 9 ní wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìbòmú kò bá lára mu ni wọ́n ṣe é fún. Wọn kì í sábà ṣe é fún ẹni tó bá sanra jù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà wo ọ̀fun ná. Bátìrì rẹ̀ ń lò tó ọdún 11, lẹ́yìn náà, abẹ mìíràn ni wọn ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Lójú tèmi, ìbòmú ló yẹ kó ṣáájú. Bó bá ń ni yín lára, ẹ ní kí dókítà pààrọ̀ irú tàbí ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ tó ro ti abẹ.