Kílárínẹ́ẹ̀tì Tó Ń Sunkún

Ìbéèrè bàbá arúgbó kan ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Tommy Jarrell lorúkọ rẹ̀, ọmọ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá nínú àwọn tó ń ta fáólìn ayé àtijọ́ ní agbègbè òkè wọn. Láàárín 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ ń ti ìlú ńlá wá kọ́ orin lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Sapoznik, ọmọ Júù láti New York tó ń ta bánjò. Lọ́jọ́ kan, bàbá bi í pé ṣé àwọn èèyàn tirẹ̀ ò lórin ni. Sapoznik fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí, ìbéèrè yẹn ló sì dá a padà sílé.

Wọ́n lórin o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láàárín àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù, klezmer ni wọ́n ń pe àwọn tó ń fi orin jẹun, iṣẹ́ tí ọmọ máa ń jogún lọ́wọ́ bàbá. Òde ìgbéyàwó ni oko wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bá badkhn ṣiṣẹ́, aláwàdà tó tún jẹ́ akéwì. Kí wọ́n tó mú ìyàwó lọ sábẹ́ ìbòrí tí wọ́n ti ń so yìgì, badkhn á dúró níwájú rẹ̀, á máa kéwì fún un pé ìgbà ọmọdé ti lọ, pé ilé ọkọ kì í ṣe ilé bàbá, títí omi á fi bọ́ lójú ọmọ olọ́mọ. Fáólìn náà á sì máa bá a sunkún. (Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń sun ẹkún ìyàwó. Tiwọn, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó máa pa á lẹ́kún ni.)

Hitler ló fọ́ ilé tí orin náà ti wá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 èèyàn ló ń sọ Yídíìṣì, èdè àwọn Júù yìí, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 6 Júù tí wọ́n pa, àwọn tó ń sọ ọ́ ló pọ̀ jù. Ní ti àwọn tó ti ré òkun kọjá sí Amẹ́ríkà ṣáájú, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ò fẹ́ gbọ́ orin bàbá mọ́.

YIVO ni Sapoznik lọ láti wá orin náà, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vilna ní 1925, tí olú rẹ̀ ṣí lọ sí New York ní 1940 nítorí ogun. Ó bá àwo gíramafóònù níbẹ̀, àwọn àwo dúdú wíwúwo tí kò ṣeé já bọ́ lọ́wọ́. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí, torí ó ti mọ́ àwa ọ̀mọ̀wé lára láti máa pariwo pé ká gba nǹkan sílẹ̀ kó má baà parun. Àwo a máa purọ́! Ojú rẹ̀ kan kì í gbà ju bíi ìṣẹ́jú 3 lọ. Ijó tí wọ́n ń jó títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n, wọ́n gé e mọ́ ìwọ̀n àwo. Ẹ̀rọ ìgbà náà ò sì fẹ́ràn ìlù ńlá, torí ó lè mú abẹ́rẹ́ fò. Ẹni tó bá fi àwo nìkan kọ́ṣẹ́ á rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn.

Krekhts wá ńkọ́? Ìyẹn ni ohùn tí onífèrè máa ń gé lójijì, bí ẹni tí ẹkún dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó sì gbé e mì. Etí lè gbọ́ ọ nínú àwo, àmọ́ ta ni yóò fi ohun tí ìka àti ètè ń ṣe hàn ọ́?

Ohun tó gbé ọ̀dọ́ olórin kan, Andy Statman, dé ilé àgbà onífèrè kan, Dave Tarras, nìyẹn. Ọmọ Yukiréènì ni Tarras, ó dé New York ní 1921. Nígbà tí wọ́n ń fín oògùn sí ẹrù àwọn àlejò ní èbúté Ellis Island, kílárínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bà jẹ́. Iṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi awọ onírun ránṣọ ló kọ́kọ́ ṣe, kó tó wá di ọba onífèrè láàárín àwọn Júù ìlú náà. Nígbà tí Statman fi máa bá a, àwọn tó ń wá a kiri fún òde ti dínkù. Ní 1978, Statman àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Zev Feldman, gbé bàbá náà padà sórí pèpéle. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó kú ní 1989, àwọn kan nínú kílárínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì di ti Statman.

Ní 1985, Sapoznik àti olórin kan, Adrienne Cooper, dá KlezKamp sílẹ̀, àgọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan lákòókò Kérésì lórí òkè Catskill. Bàbá àgbà, ọmọdé, àwọn tó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ Yídíìṣì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, gbogbo wọn ló ń wá. Lójúmọmọ, ẹ̀kọ́ ni: fèrè, orin, èdè. Lálẹ́, ijó ló kù. Mo gbà pé alẹ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ gangan, torí onífèrè tí kò tíì rí ẹsẹ̀ oníjó rí kò lè mọ ìgbà tó yẹ kó sáré. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó tì í ní 2014.

Nínú ọ̀rọ̀ àjíǹde orin yìí, Kraków ní Pólàndì ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Láti 1988 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún àṣà Júù níbẹ̀, àwọn tó dá a sílẹ̀ kì í sì í ṣe Júù. Àwọn kan ní ọjà ni wọ́n fi òkú ṣe. Ó ń ṣe mí bákan bákan nígbà mìíràn, pàápàá bí mo bá rántí ère Júù onígi tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Leopold Kozłowski ò jẹ́ kí n dá ẹjọ́ náà tán. Ìbátan Naftule Brandwein ni, onífèrè tí àwo rẹ̀ gbòde ní New York lẹ́yìn 1920. Wọ́n pa bàbá Kozłowski, ìyá rẹ̀ àti arákùnrin rẹ̀ nígbà ogun. Síbẹ̀, kò kúrò ní Pólàndì. Ó jókòó ti dùùrù rẹ̀ ní Kraków, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin tí wọn kì í ṣe Júù ní orin Yídíìṣì, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ àti ibi tí ẹkún ti ń wọ̀ ọ́. Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ni nígbà tó kú ní 2019.