Ìwé Tí Kì Í Jẹ́ Kí Èèyàn Sùn

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé wa ní Peckham)

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó dára láti yá ní ilé ìkàwé. Mo ní ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fẹ́ kí n sọ? Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti tó báyìí ná.

Ilé ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó wá síbí. Mo mọ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní bí a ṣe ń dá gbé nínú òtútù. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà. Tí mo bá jí lọ́sàn-án tí ilé dá páropáro, ilé ìkàwé Peckham ni mo ń gbà lọ, nítorí ibẹ̀ móoru. Ẹ mọ ilé náà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2000, tó sì gba ẹ̀bùn Stirling lọ́dún yẹn kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti bá Agatha Christie pàdé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, obìnrin yìí tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ní Torquay, ó sì tún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn. Ibẹ̀ ló ti mọ májèlé. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1920, májèlé strychnine ni wọ́n fi pa ìyá olówó kan. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó mọṣẹ́ nìyí.

Ṣùgbọ́n òyìnbó nìkan kọ́ ló mọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú méjèèjì. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ̀rín á sì pa yín. Ẹ wá Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé náà. Ní ti òde òní, Oyinkan Braithwaite gbé My Sister, the Serial Killer jáde ní 2018. Nọ́ọ̀sì ní Èkó ló ń bá àbúrò rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Inú mi ò dùn pé nọ́ọ̀sì ni, àmọ́ ó mọ ilẹ̀ẹ́ nù! Ẹ má fún ọmọdé o.

Ìwé tó wọ̀ mí lára jù wá ńkọ́? Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní: "Mọ́mì, yàtọ̀ sí ẹrú tí wọ́n kó, ṣé àwa náà ní ìtàn?" Mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí àpótí, mo yọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, tí mo gbé bọ̀ láti ilé. Ìtàn bí àwọn ará Òkè Ògùn ṣe jà fún òmìnira ni. Ojú ewé méjì là ń kà lálaalẹ́, mo ń túmọ̀ fún un. Lóru ọjọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, ó tẹ̀ mí láago ní àkókò ìsinmi mi, ó ní òun fẹ́ dá ojú ewé kan kà. Ó sọ ogun di ogún, bí ẹni pé dúkìá bàbá wọn ni wọ́n ń pín. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ mo ní láti nu ojú mi kí n tó padà sí wọ́ọ̀dù.

Aiyé d'Aiyé Òyìnbó ti Isaac Délànọ̀, 1955, ló kàn báyìí. Obìnrin ló ń sọ ìtàn yẹn, nípa bí òyìnbó ṣe dé bá wa.

Ọ̀fẹ́ ni káàdì ilé ìkàwé. Bí ẹ kò bá rí ìwé lórí pẹpẹ, ẹ bèèrè. Ìwé onílẹ́tà gàdàgbà wà fún ẹ̀yin tí ojú ń dùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ojú náà wò. Ẹ̀yin tí irú ìwé wọ̀nyí sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ kó wọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ kí á lè máa yá ara wa.

Mẹ́rin tèmi wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀fù. Ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó mú wọn. Ẹni tó bá mú Àjà Ló Lẹrù, ojú ewé tó gbẹ̀yìn ti já. Kó wá bi mí bó ṣe parí.