Òfin Títako Ọ̀rọ̀ Nínú Ayò Scrabble
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí aáwọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìdíje Scrabble àwọn ọmọ wa ní èṣí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé eré ọmọdé lásán ni. Ní ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Australia, ọmọ Nàìjíríà, Wellington Jighere, ni ó di olúborí gbogbo ayé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ènìyàn bá to lẹ́tà kalẹ̀, tí ẹnìkejì rẹ̀ kò sì gbà pé ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni, ó ní ẹ̀tọ́ láti takò ó kí òun fúnra rẹ̀ tó ta. A ó dá aago dúró, a ó sì yẹ ìwé wò. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí nínú ìwé, ẹni tí ó tò ó yóò kó lẹ́tà rẹ̀, kò ní gba máàkì kankan, àǹfààní àtita rẹ̀ sì ti lọ nìyẹn. Bí ó bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni òfin ti pín sí ọ̀nà púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó tako ọ̀rọ̀ tòótọ́ a máa pàdánù àǹfààní àtita tirẹ̀. Nínú ìdíje àgbáyé, máàkì 5 ni a ń fi kún ti ẹni tí a takò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé tiwa kò sí ìjìyà rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń tako ohun gbogbo. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì takò ó, ọ̀rọ̀ èké yóò dúró pẹ̀lú máàkì rẹ̀. Èyí kò dùn mọ́ àwa olùkọ́ nínú, ṣùgbọ́n òfin ni.

Ní ọjọ́ ìdíje wa, èmi ni onídàájọ́. Ọmọbìnrin kan to QI. Lẹ́tà Q nìkan ní máàkì 10. Wọ́n takò ó. Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí mo ti ń lò láti kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́, n kò rí i, mo sì ní kí ó kó lẹ́tà rẹ̀. Máàkì 4 péré ni wọ́n fi borí rẹ̀. Ọmọ sunkún, bàbá rẹ̀ bínú, ẹ̀yin náà sì rí ìyókù. Lẹ́yìn náà ni mo yá Collins Scrabble Words, ìwé tí a fi ń dájọ́ ní ìdíje àgbáyé. QI wà níbẹ̀ gbangba. Láti inú èdè Ṣáínà ni ó ti wá, agbára ìyè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣì í dá. Mo ti lọ bẹ ọmọ náà nílé wọn. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín lónìí.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a lo òfin máàkì 5 ní ọdún yìí, kí a sì dárúkọ ìwé tí a ó fi dájọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbà á padà. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa mú ẹ̀dà tuntun kan bọ̀.