Omi Wo Lẹ Fi Po Ẹ̀kọ Yẹn?

Ẹ̀yin ìyá mi, láti Pọ́bẹ̀ dé Kétu títí dé Ṣábẹ̀! Bí oòrùn bá mú, kí la máa ń ṣe? A ó bu ẹ̀kọ sínú igbá, a ó fi omi pò ó, a ó fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ó di mímu. Àwọn mìíràn á ra akpan oníyìnyín. Ó kan díẹ̀, ó sì ń dá ebi dúró.

Kì í ṣe àwa nìkan o. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ogun Róòmù ní tiwọn, posca ni wọ́n ń pè é: wáìnì tó ti kan ni wọ́n ń fi omi là. Wọ́n ní Hadrian ọba wọn pàápàá máa ń bá wọn mu ún. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òun náà ni ọtí kíkan tí wọ́n fi kànrìnkàn gbé sí Jésù lẹ́nu.

Kíkan yẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi. Ẹ máa ń sọ fún mi pé, “Nọ́ọ̀sì, ó ti kan, kòkòrò ò lè gbé inú ẹ̀.” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kíkan ògì ń dí ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ́wọ́, iná tí a fi se é sì ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ bù lé e lẹ́yìn ńkọ́? Ìyẹn ò rí iná rárá! Bó bá jẹ́ omi kànga tí kò ní ìdérí, kọ́lẹ́rà lè bá a wọlé, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé kíkan pé yóò pa á. Yìnyín náà, omi ni. Òtútù kì í pa kòkòrò.

Ẹ se omi kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ẹ bò ó kó tutù. Mo mọ̀ pé èédú wọ́n, ẹ̀yin ẹlẹ́kọ. Bẹ́ ẹ bá sọ ìkòkò ẹ̀kọ kalẹ̀, ẹ gbé ti omi lé iná kan náà kó tó kú.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ẹ̀kọ ò lè dípò SRO. Bí SRO ò bá sí nítòsí: omi tó mọ́ litiri 1, ṣúgà síbí kékeré 6 tí kò kún kọjá etí, iyọ̀ ìdajì síbí kan náà. Ẹ má dá ọmú dúró. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tó ń sunkún láìsí omijé, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de kí ọjà tú.