Alẹ́ Ni Awakọ̀ Ti Ń Múra De Òwúrọ̀

Ní ìlú Fairbanks ní ìpínlẹ̀ Alaska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òtútù lè mú nígbà ọ̀gìnnìtìn títí yóò fi di ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo. Níbẹ̀, wáyà iná máa ń yọ jáde níwájú ọkọ̀. Àlejò lè rò pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ bá kú sójú ọ̀nà nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo rẹ̀. Èyí tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, ṣe yọrí ní 1897 kò ní in. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná ju ìwọ̀n 500 lọ, tí epo tí ó bá tú sí i yóò sì gbiná. Bí irin ẹ́ńjìnnì bá ti tutù jù, yóò gba ooru náà mọ́ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Agbára bátìrì yóò ti dínkù, ọ́ọ̀lì yóò sì ti ki.

Epo náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti rí bí àdí ti ń dì nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́ yóò mọ ohun tí ń ṣe é. Ohun tí ó dà bí ìda wà nínú epo dísẹ́lì. Òtútù a mú un dì, a sì dí asẹ́ pa.

Nítorí náà, awakọ̀ tí ó gbọ́n a ra epo tí a ṣe fún ìgbà òtútù. Bí yóò bá da oògùn adènà-dídì sí i, kí epo tó dì ni. A da omi inú asẹ́ nù, a sì lo ọ́ọ̀lì tí kì í tètè ki. Ẹ̀rọ amẹ́ńjìnnì-gbóná, irú èyí tí Andrew Freeman ará North Dakota gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ní 1949, ni wáyà níwájú ọkọ̀ ń fún ní iná. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú ìrìnàjò tó fún un.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, awakọ̀ a dúró títí iná kékeré iwájú rẹ̀ yóò fi kú, àmì pé àwọn irin tí bátìrì ń mú gbóná nínú ẹ́ńjìnnì ti ṣetán, kí ó tó ṣíná ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ fọ́n éẹ́tà sí ẹ́ńjìnnì tí ó ní irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè bú gbàmù. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a tì pa; májèlé tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn, wà nínú èéfín rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, a rọra wà á lọ.

Síbẹ̀, ẹni tí ó múra tán pàápàá a máa gbé kúbùsù àti oúnjẹ sínú ọkọ̀, nítorí òtútù kò mọ ọlọ́gbọ́n.