Yàrá Kan, Ayálégbé Méjì

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ràn àtimáa fi wáyà àti bátìrì dán ẹ̀rọ wò. Ó sì kan ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń sin adìẹ, nítorí pé ẹyin adìẹ ni n ó fi ṣe àkàwé.

Pátákó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Arduino Uno. Ìlú Ivrea ní ilẹ̀ Ítálì ni iṣẹ́ Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Ilé ọtí kan níbẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, ilé ọtí náà sì ń jẹ́ orúkọ ọba àtijọ́ kan. Uno fúnra rẹ̀ jáde ní 2010. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọpọlọ tí a lè ti orí kọ̀ǹpútà kọ àṣẹ sí, ihò wáyà sì tò sí etí rẹ̀. Píìnì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pe àwọn ihò náà. Èyí tí a lè fi ránṣẹ́ nínú wọn jẹ́ 20: a kọ nọ́ńbà 0 dé 13 sí 14 lára wọn, a sì kọ A0 dé A5 sí 6 tí ó kù.

Ẹ ka píìnì kọ̀ọ̀kan sí yàrá kan. Bí onílé bá gba owó lọ́wọ́ ayálégbé méjì lórí yàrá kan ṣoṣo, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá kó ẹrù dé. Onílé tiwa yìí tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀. Kò ní sọ fún yín pé yàrá ti lẹ́ni nínú. Ẹ̀rọ yóò kàn máa ṣe ségesège.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹ fẹ́ kan àpótí tí yóò sàba lé ẹyin dípò agbébọ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò, ooru rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gílóòbù ni yóò mú àpótí gbóná, rìléè ni yóò sì máa tàn án, tí yóò máa pa á. (Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí àgbà tí ó mọ iṣẹ́ iná bá yín so gílóòbù o.) Ẹ so rìléè mọ́ píìnì 13, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ déédéé. Lẹ́yìn náà ni ẹ ní kí ẹ̀rọ máa kọ ooru àpótí sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Ohun tí ń ka káàdì náà ń lo 11, 12 àti 13, pẹ̀lú ọ̀kan sí i tí a fi ń pè é, tí ó sábà máa ń jẹ́ 10. Ṣé ẹ ti rí i? Gẹ́rẹ́ tí káàdì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ló ni 13. Àṣẹ pé kí gílóòbù tàn kò ní dé ọ̀dọ̀ rìléè mọ́. Ẹyin yóò tutù lóru, ẹ ó sì máa bú ẹni tí ó ta ẹyin fún yín.

Yàrá tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé tún wà: 0 àti 1. Ibẹ̀ ni pátákó ti ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá so nǹkan mọ́ ọn, àṣẹ tuntun lè kọ̀ láti wọlé.

Èyí tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni ìjà tí a kò lè rí lójú píìnì. Fáànù wà lórí 9, a sì ń gba ibẹ̀ pàṣẹ bí yóò ṣe yára tó. Mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní servo, tí yóò máa yí ẹyin, wà lórí 7. Yàrá wọn kò pọ̀ mọ́ra. Àmọ́ agogo mẹ́ta ni ọpọlọ pátákó náà ní, agogo tí ó ń darí 9 àti 10 ni àṣẹ servo sì ń gbà lò. Fáànù kò ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ gbé e lọ sí 5, ìjà parí.

Àjọlò kan wà tí kò burú. Agogo tí ń sọ àkókò àti gíláàsì kékeré tí ń fi nọ́ńbà hàn lè jọ wà lórí A4 àti A5, nítorí pé olúkúlùkù ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ohùn akéde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dárúkọ ni yóò dáhùn. Bí gíláàsì méjì bá wá ní àdírẹ́sì kan náà, ó di pé ẹ pe Táíwò nínú ilé tí Táíwò méjì wà.

Kì í ṣe ségesège nìkan ni ewu rẹ̀. Bí píìnì kan bá ń ti iná jáde, tí ẹ̀rọ mìíràn sì ń fà á wálẹ̀ lójú wáyà kan náà, iná tí yóò kọjá lè ju 40 milliampere tí ó jẹ́ òpin agbára píìnì Uno lọ. Píìnì náà lè jóná pátápátá.

Nítorí náà, kí ẹ tó so wáyà kankan, ẹ mú bébà. Ẹ to 0 dé 13 àti A0 dé A5 sílẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí i: ẹ ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí ó wà nínú àṣẹ tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Yàrá tí ó bá ṣẹ́kù ni tiyín. Bí ẹ bá pààrọ̀ pátákó, ẹ mú bébà tuntun, nítorí pé ilé kì í jọ ilé: lórí ọ̀pọ̀ ESP32, 6 dé 11 ni ó fi ń tọ́jú ìrántí ara rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ẹyin, ẹ jẹ́ kí àpótí òfìfo ṣiṣẹ́ fún ọ̀sán kan àti òru kan, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nǹkan bá ṣe ségesège, ẹ pa iná, ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá dá padà tí wàhálà fi tún bẹ̀rẹ̀, òun ni kí ẹ lọ wá nọ́ńbà rẹ̀ lórí bébà.